Àmì Mẹ́ta Láyà Mi

Ọmọbìnrin náà wọn àyà mi bí ẹni ń wọn pákó.
Ó sún mi sọ́tùn-ún, ó sún mi sósì,
ó fi abẹ́rẹ́ kán tàdáwà sí mi lára lẹ́ẹ̀mẹta.
"Bàbá, èyí ò ní parẹ́ o."
Mo ní, ọmọ mi, mo mọ̀.
Ogójì ọdún ni mo fi ń fi pẹ́ńsù sàmì sí igi
ní sọ́míìlì wa lójú ọ̀nà Ọ̀dà, l'Ákùúrẹ́.
N kò mọ̀ pé ara ìrókò a máa tutù báyìí
kí ayùn tó dé.

Lóṣù Ògún ni wọ́n gé lára ẹ̀dọ̀fóró mi.
Ohun tí wọ́n gé, wọn ò fi hàn mí.
Dókítà Fọlárìn ní àwọn ti kó o tán;
ó tún ní ó ṣeé ṣe kó ku wóóró,
bí ìgbà tí a gbálẹ̀ sọ́míìlì tán
tí ìyẹ̀fun igi ṣì wà lójú fèrèsé.
Nítorí wóóró yẹn la ṣe ń lọ sí Oǹdó.

Ọgbọ̀n ọjọ́. Sátidé àti Sọ́ńdè, a sinmi.
Akíntìmẹ́hìn a fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa láfẹ̀mọ́júmọ́,
a kọjá Ọ̀wẹ̀nà, àwọn ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ń nawọ́ sí wa,
a dé Bọ́lọ́rundúró, wọ́n ti sá kòkó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì,
òórùn kíkan rẹ̀ wọlé tọ̀ wá,
ìdajì èémí ni mo fi gbọ́ ọ.

Wọ́n ní kí n gbé apá méjèèjì sókè.
Ìgbà tí mo gbé apá báyìí kẹ́yìn,
adigunjalè ló dá wa dúró lọ́nà Ọ̀wọ̀.
Mo rẹ́rìn-ín.
"Bàbá, ẹ má mira."
Gbogbo wọn jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn tó nípọn ju ti báǹkì lọ.
Ó ku èmi àti ẹ̀rọ tó ń yí mi po
bí ajá tí kò tí ì mọ àlejò.
Irú iná wo nìyí,
tí kò ní ẹyin, tí kò ní eérú?

Lọ́jọ́ kejìlá, wọ́n mú iná lọ.
Dísù ò sí nínú jẹnẹrétọ̀.
Àwa mẹ́sàn-án jókòó sórí bẹ́ǹṣì:
obìnrin Ìdànrè kan tó ń fa ìborùn bo ibi tí ọmú wà rí,
tíṣà kan láti Ilé-Olújì tí ohùn rẹ̀ ti di afẹ́fẹ́.
A ò bi ara wa ní orúkọ àrùn.
"Ọjọ́ kélòó yín nìyí?" là ń bèèrè.

Nílé ni wọ́n ti ń bi mí bóyá mo máa ń mu sìgá.
Ẹnu mi ò kan sìgá rí.
Igi ni mo mu. Arère, ìrókò, àfàrà,
mo mu wọ́n láìṣáná sí wọn.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ọ̀fun mi di títì tí wọ́n ń tún ṣe.
Èmi ọmọ Oǹdó, tí kì í sùn láìjẹ iyán,
ṣíbí ni mo fi ń lá ògì.
Ìyá Dọ̀tun ń gún tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé,
ó rọra ń sọ ọmọ odó kalẹ̀
kí n má baà gbọ́.
Mo gbọ́.

Ọgbọ̀n ọjọ́ pé. Mo ní, kí ló kàn?
Wọ́n ní ká máa wò ó. Oṣù mẹ́ta, kí n padà wá ya fọ́tò inú.
Mo ní kí Akíntìmẹ́hìn dúró lórí afárá Ọ̀wẹ̀nà.
Mo fa èémí. Ó wọlé, ó wọlé,
ó dé ibì kan, ó yà padà
bí àlejò tó bá ilẹ̀kùn yàrá ní títì.

Lálẹ́, ìyàwó mi ń fi aṣọ tútù nu àyà mi
tó ti dúdú bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun.
Ó dé ibi àmì, ó rọra fọwọ́ ra á.
"Kò mà fẹ́ lọ."
Fi í sílẹ̀, mo wí.
Bí iṣẹ́ bá kù,
wọn ó nílò ibi tí wọn ó ti wọ̀n ọ́n.